Àrọ̀ Tọ́ Bàbá Mi Wò

Ọṣẹ ni bàbá mi fi ń dẹ àrọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.
Má rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ ìfọṣọ, ọ̀pá kan,
tí a fi okùn tín-ínrín gé bí ẹ̀kọ tútù,
ègé kan fún ìwọ̀ kan, ọgọ́fà ìwọ̀ lórí okùn.
Mo bi í nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje:
"Ṣé ẹja náà fẹ́ wẹ̀ ni?"
Ó ní, "Epo inú rẹ̀ ló ń pè é, kì í ṣe ìfófó."

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì la máa ń ti ọkọ̀ bọ omi.
Ọ̀sà á dúdú bí ìdí ìkòkò,
o ò ní rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ.
Kí ló kan àrọ̀? Ojú rẹ̀ kò ju kóró ata lọ.
Irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jọ, ahọ́n mẹ́jọ,
ikùn rẹ̀ ahọ́n, ìrù rẹ̀ ahọ́n,
Ọlọ́run fi ahọ́n dá ẹ̀wù fún un.
Bí edé kan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú koríko omi lọ́hùn-ún,
oje rẹ̀ á máa jò, adùn tí ọwọ́ kò lè kó,
omi á gbé e kiri bí olófòófó.
Àrọ̀ tó sùn sínú ẹrẹ̀ á gbọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì,
á yí orí.
Gbọ́ ni mo wí. Èdè wa kò fi gbígbọ́ mọ sí etí:
a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ Lárúbáwá,
a ń gbọ́ ọbẹ̀ tó ń jóná nílé aládùúgbò.

Ẹja yìí kan náà á gbé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́nu,
á tu ú dànù kíá,
bí ọmọdé tí wọ́n fún ní jogbo.
Ìkorò ni apata ẹni tí kò léyín.

Láti ìgbà ọyẹ́ èṣí, lẹ́yìn ibà ọjọ́ mọ́kànlá,
Músẹdíkù bàbá mi kò mọ adùn mọ́.
Iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀, iyanrìn. Oyin, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.
Màámi fi ata kún ata, ó sunkún lẹ́yìnkùlé,
ó rò pé ọwọ́ òun ló ti kú.
Dókítà ní ọsibítù ní yóò padà. Kò dá ọjọ́.

Lálẹ́ Àlàmísì tó kọjá,
ìwọ̀ kejìdínláàádọ́rin gbé àrọ̀ kan, ó gùn tó apá mi.
Bàbá kò jù ú sínú agbọ̀n.
Ó dì í mú lẹ́yìn ẹ̀gún, nínú omi, omi mu ún dé ìgúnpá.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Irùngbọ̀n ẹja náà ń rìn lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀,
ó dúró níbi àpá, ó padà síbi iṣan,
jẹ́jẹ́, bí afọ́jú tó ń wá ìlẹ̀kùn.
Bàbá ní, "Ó ń tọ́ mi wò."
Ohùn rẹ̀ kéré.
"Kí lo rò pé ó bá níbẹ̀?"
N kò mọ̀. Òógùn. Ọṣẹ. Àdí tí Màámi fi ń ra á lọ́wọ́.
Ọgọ́ta ọdún ọ̀sà.
Mo ní, "Bóyá ẹ ti korò."
Ẹ̀rín pa á, ọkọ̀ mì.

Mo rò pé yóò tú u sílẹ̀. Kò tú u sílẹ̀.
A jẹ gbèsè epo ẹ́ńjìnnì.
Àmọ́ l'Ólúwo lówùúrọ̀,
obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde dá a lé iye tí kò tó nǹkan kan,
inú bí mi, mo gbé e padà sílé.

Màámi fi efinrin sè é.
Bàbá jẹ tirẹ̀, ó ní, "Ó gbóná."
Orí ló kàn mí. Mo fa irùngbọ̀n náà mu, lọ́kọ̀ọ̀kan,
ohun tó tọ́ bàbá mi wò wà lórí ahọ́n mi,
mo dákẹ́, mo ń wá a.
Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.